Àyà ló ń já ni, àbí ojú ló ń tì?

Ìbéèrè òǹkàwé kan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọmọ ọdún 24 sì ni mí. Bí èmi àti àwọn ọmọ bá wà nínú kíláàsì, kò sí ohun tó ń ṣe mí. Mo lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá wa bá ti ní kí n bọ́ síwájú ní àsẹ́ńbìlì òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n ka ìkéde ọ̀sẹ̀ sétí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn olùkọ́ yòókù sì tò sẹ́yìn mi, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, itọ́ á gbẹ lẹ́nu mi, ìwé ọwọ́ mi á sì máa gbọ̀n bí ewé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣi orúkọ ọ̀gá wa pè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ẹ̀yìn ilé wọ ọ́fíìsì kí n má baà pàdé ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ní ìtìjú lásán ni, pé ó sì yẹ ọmọbìnrin. Àǹtí mi ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Mo wá kà á níbì kan pé inú ọpọlọ ni ìtìjú ń gbé, pé ẹni tí ibẹ̀ bá tóbi nínú ọpọlọ rẹ̀ ló ń tijú jù. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe mọ ọpọlọ mi nìyẹn, ṣé kí n kúkú kọ̀wé sí ọ̀gá pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń ka ìkéde?

* * *

Èsì mi

Má tíì kọ ìwé náà, àbúrò mi. A ó padà dé orí rẹ̀.

Ohun tí o kà, òótọ́ wà nínú rẹ̀, àbùmọ́ náà sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọpọlọ ló ń ṣe iṣẹ́ ìtìjú, àti pé àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bàjẹ́, ìtìjú á dínkù tàbí kó pòórá. Àbùmọ́ ni pé ilé kan ṣoṣo wà tí ìtìjú ń gbé bí ìgbín nínú ìkarahun, tí a lè wọ̀n láti fi mọ bí ẹnì kan ṣe ń tijú tó. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní báọ́lọ́jì ní Àkúrẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì gbà pé àwa olùkọ́ wà lára àwọn tó dá àbùmọ́ yìí sílẹ̀. A ó ya ọpọlọ sójú pátákó, a ó kun apá kan ní pupa, a ó kun apá kejì ní àwọ̀ ewé, ọmọ á sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé bí Ọjà Ọba ni ọpọlọ rí, tí ìsọ̀ ẹlẹ́ran wà lọ́tọ̀, tí ti aláṣọ wà lọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bá aládùúgbò rẹ̀ da nǹkan pọ̀.

Kíyè sí bí èdè wa ṣe sọ ọ́ ná. Bí a bá bẹ̀rù, a ní àyà ń já wa. Bí a bá tijú, a ní ojú ń tì wá. N kò tíì gbọ́ ẹni tó sọ pé ojú ń já òun. Nínú ohun tí o kọ, méjèèjì ló ń ṣe ọ́ pọ̀, o sì dì wọ́n sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni mo rò pé wàhálà rẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú ọpọlọ gan-an, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí àyà ń gbà já, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀nà tí ojú ń gbà ti ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń pàdé ara wọn.

Ti àyà ni kí a kọ́kọ́ mú. Nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, ní ọ̀gangan etí, ní ọ̀tún àti ní òsì, nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní amygdala. Kò tóbi ju ẹ̀pà tí a kò tíì bó èèpo rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe: ó ń ṣọ́ ohunkóhun tó bá lè pa wá lára, ojú ènìyàn tí a kò mọ èrò inú rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń ṣọ́. Bí ọ̀gá rẹ bá ti pe orúkọ rẹ, ọlọ́dẹ yìí á ti fọn fèrè kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ ohun tí o ń rò. Àṣẹ á gba inú àwọn iṣan sọ̀kalẹ̀, àwọn ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín á sì tú oje tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn iṣan àti oje yìí ló ń mú kí ọkàn sáré, kí itọ́ gbẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ làágùn, kí ìka sì máa gbọ̀n. Ara rẹ kò mọ̀ pé ìkéde lásán lo fẹ́ kà. Ó ti múra bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà oko.

Ti ojú yàtọ̀. Lẹ́yìn egungun iwájú orí, níbi tí ọ̀tún àti òsì ọpọlọ ti dojú kọ ara wọn ní àárín, ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ènìyàn bá ń ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àti nígbà tó bá ń ro ohun tí ẹlòmíràn ń rò nípa rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń yá ojú àwọn ẹlòmíràn láti fi wo ara wa. Ní ọdún 1872, Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, kọ ọ́ pé nínú gbogbo ohun tó ń hàn lójú, pípọ́n tí ojú ń pọ́n nítorí ìtìjú ló jẹ́ ti ènìyàn jù lọ. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í hàn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ooru tó ń gba ẹ̀yìn etí gòkè nígbà tí a bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú àna.

* * *

“Ẹ̀kọ́ ilé ni ìtìjú, kì í ṣe ọpọlọ.”

Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ̀wé lẹ́yìn mi ló sọ èyí, àwọn púpọ̀ sì gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kọ́ ló ń tijú, pé aláìlójútì ni ọmọ tí wọ́n bí tí wọn kò kọ́, àti pé kí a yé fi ọ̀rọ̀ òyìnbó bo ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere mọ́lẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ààyè kan. Ohun tó yẹ kí ojú tini sí, ilé ni wọ́n ti ń kọ́ni. Ọmọ Oǹdó kò ní na ọwọ́ òsì sí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ òsì kò jẹ́ nǹkankan níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nílò ibi tí yóò jókòó sí, ojú mi sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ibi ìjókòó náà bá wó.

Bàbá kan wà nínú ẹbí ìyá mi ní Oǹdó, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ló fi ṣọ́ àpótí owó ìjọ rẹ̀. Kì í jẹun níta, kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè. Kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà tí a pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan, tí mo sì jókòó sí àga kejì sí tirẹ̀. Ọmọdé kan gbé abọ́ iyán lé orúnkún, ẹran méjì wà lórí ọbẹ̀ rẹ̀. Bàbá na ọwọ́, ó mú ọ̀kan, ó fi sẹ́nu, ó lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ó sì tún mú ìkejì. Ọmọ náà kò sunkún. Ẹnu ló yà á. Gbogbo àwa tó wà lábẹ́ àtíbàbà dákẹ́. Ìyàwó bàbá fa etí gèlè rẹ̀ bo ojú, òun ni ojú ń tì. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bi ọmọ náà bóyá ó tún kù.

Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan ní ó ń mutí ní ìkọ̀kọ̀. Ìrántí rẹ̀ pé pérépéré: ó lè sọ iye tí wọ́n ra kòkó ní ọdún tó kọ́ ilé rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó rà á. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, tí dókítà sì fi hàn wá pé iwájú rẹ̀ ti ń rún mọ́ra. Frontotemporal dementia ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 45 sí 65, ó sì máa ń ba ìwà jẹ́ kó tó ba ìrántí jẹ́. Ta ló gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ bàbá yìí? Inú ilé kan náà tí wọ́n ti kọ́ ọ ló ṣì ń gbé.

Virginia Sturm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifóníà ti ṣe àyẹ̀wò àwọn tó ní irú àìsàn yìí. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, wọ́n lu ariwo ńlá kan lójijì sí etí àwọn aláìsàn àti àwọn tí ara wọ́n le. Gbogbo wọn ta gìrì, ọkàn wọn sáré bákan náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gìrì náà, àwọn tí ara wọ́n le rẹ́rìn-ín ìtìjú, wọ́n gbé ojú sápá kan, bí ẹni tó ń sọ pé, “Ẹ wò ó bí mo ṣe fò bí ọmọdé.” Lára àwọn aláìsàn, irú àmì bẹ́ẹ̀ kéré gan-an. Àyà wọ́n ń já, ojú kò tì wọ́n. Nínú ìwádìí mìíràn lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kọrin tẹ̀lé ohùn ìlù, wọ́n ká a sílẹ̀, wọ́n yọ ìlù kúrò, wọ́n sì jẹ́ kí olúkúlùkù wo ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi ohùn lásán kọrin. Ó ń ti èmi lójú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọpọlọ wọn, wọ́n rí i pé bí ibì kan ní iwájú ọpọlọ, ní apá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ń pè ní anterior cingulate cortex, bá ṣe rún tó ni ìtìjú onítọ̀hún ṣe dínkù tó.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀kọ́ ilé wà. Ọpọlọ ló sì ń gbé e rù.

* * *

Ẹnìkan wá bi mí ní kíákíá pé, bí ibẹ̀ bá rún tí ìtìjú sì lọ, ṣé kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ibẹ̀ tóbi ni yóò tijú jù, gẹ́gẹ́ bí arábìnrin wa ṣe kà á?

Rárá. Bí táyà mọ́tò bá fọ́, mọ́tò kò ní rìn, ṣùgbọ́n mọ́tò tí táyà rẹ̀ tóbi kọ́ ló ń sáré jù. Kò sí dókítà tó lè wo àwòrán ọpọlọ ẹnì kan tí ara rẹ̀ le, kó sì sọ pé onítìjú ni onítọ̀hún. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń rí jẹ́ ìyàtọ̀ kékeré láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n kó jọ, wọn kì í kà á lára ẹnì kan ṣoṣo bí ẹni ń ka òṣùwọ̀n.

Ẹni náà tún dárúkọ Phineas Gage, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pá irin tó gùn ju mítà kan lọ, tó sì wúwo tó kílò 6, gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé tó sì gba àtàrí jáde ní ọdún 1848. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti sọ pé ó di aláìlójútì láti ọjọ́ náà, pé ó ń bú èébú níbi tí kò yẹ. Dókítà rẹ̀ kọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọkùnrin yìí kan náà lọ sí Ṣílè lẹ́yìn náà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó èrò níbẹ̀. Iṣẹ́ awakọ̀, ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó mọ̀ pé aláìlójútì paraku kò lè ṣe é pẹ́ kí èrò tó sá fún un. Ó dàbí ẹni pé ìwọ̀n kan nínú ohun tó sọnù padà wá.

* * *

Ọ̀rọ̀ “gbogbo ènìyàn ń wò mí” ni mo fẹ́ padà sí, nítorí pé òun ló ń mú arábìnrin wa gba ẹ̀yìn ilé.

Ní ọdún 1986, mo ka Ẹ̀kọ́ Kìn-ín-ní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkúrẹ́. Ìwé Jónà ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì ṣí ewé púpọ̀ papọ̀ láìmọ̀. Jónà tó wà nínú ikùn ẹja ní gbólóhùn kan, ní gbólóhùn kejì, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni mo ń kà, tí í ṣe ti wòlíì Míkà. Mo dúró. Mo wá ojú ìwé náà títí, ìjọ dákẹ́, ọmọ ọwọ́ kan sì ń ké lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, mo ti kó sí i. Fún oṣù púpọ̀, mo rò pé bí mo bá ti ń kọjá ní ìta, Jónà ni àwọn ènìyàn ń rántí.

Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó sí ìjókòó iwájú lọ́jọ́ yẹn. Kò rántí ohunkóhun nípa Jónà. Ohun tó rántí ni pé abẹ́ apá agbádá òun ti ya lọ́jọ́ ìsìn náà, pé òun fi apá mọ́ra títí wọ́n fi túká, àti pé ó dá òun lójú pé èmi tí mo dúró síwájú rí i. N kò rí agbádá kankan.

Àwọn mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Thomas Gilovich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ irú ìwádìí yìí jáde ní ọdún 2000. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ẹ̀wù tí wọ́n tẹ àwòrán olórin kan sí, irú olórin tí ojú á ti ọ̀dọ́ ìgbà náà láti gbé sáyà, kó sì wọ yàrá tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Àwọn tó wọ ẹ̀wù náà rò pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà nínú yàrá ló rí i. Nǹkan bí ìdámẹ́rin péré ló rí i. Ṣàkíyèsí pé n kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò rí i, nítorí pé irọ́ ni àwọn tó ń sọ fún ọ pé “kò sẹ́ni tó ń wò ọ́” ń pa, o sì mọ̀ pé irọ́ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi ń tù ọ́ nínú.

Ọjọ́ orí náà ní ipa tó ń kó. Leah Somerville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2013, níbi tí wọ́n ti mú àwọn ọmọ ọdún 8 títí dé 23 wọ inú ẹ̀rọ MRI, tí wọ́n sì sọ fún wọn pé kámẹ́rà kan máa tàn, pé ẹgbẹ́ wọn kan yóò máa wò wọ́n. Wọn kò ṣe ohunkóhun ju pé wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lọ. Ojú ti àwọn ọ̀dọ́langba ju àwọn ọmọdé lọ, àárín iwájú ọpọlọ wọn, ibi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé a ti ń yá ojú ẹlòmíràn, sì ṣiṣẹ́ ju ti àwọn ọmọdé lọ. Iwájú ọpọlọ yìí wà lára ibi tó ń gbó kẹ́yìn nínú ọpọlọ, kì í sì í parí títí ènìyàn yóò fi kọjá ọmọ ogún ọdún dáadáa. Ọmọ ọdún 24 ni ìwọ; ó ṣeé ṣe kí ó má tíì parí iṣẹ́ lára tìrẹ.

* * *

Wàyí o, àwọn ìmọ̀ràn tí wọ́n ń kó lé ọ lórí.

Bọ̀dá kan ní kí o mu ìgò bíà kékeré kan kí o tó jáde, òmíràn ní paraga ló dára jù nítorí pé òun kì í pẹ́ ṣiṣẹ́. N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọtí kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín àyà àti ojú. Bó ti ń pa ohùn ọlọ́dẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú iwájú ọpọlọ tòògbé, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó yó fi ń sọ ohun tí kò yẹ kó sọ níbi òde, tó sì ń jó níwájú àna rẹ̀ bí ẹni tí kò ní àna. Ohun tí àìsàn fi ọdún méjì ṣe sí bàbá tí mo sọ nípa rẹ̀, ọtí lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ọ láàárín wákàtí kan. Ká má tíì sọ ti òórùn paraga lẹ́nu olùkọ́ ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀.

Ẹlòmíràn dárúkọ propranolol, pé àwọn olórin ń lò ó. Oògùn gidi ni. Kì í jẹ́ kí adrenaline rí ọkàn mú, nítorí náà àyà lè má lù tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ sì lè má gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, láìfọwọ́ kan ojú. Ṣùgbọ́n ewu ni fún ẹni tó ní ikọ́ fée, dókítà ló sì ń kọ ọ́ fúnni. Kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri inú ọkọ̀.

Ti àǹtí rẹ, n kò ní bá a jà. Gbàdúrà. Mo mọ àwọn pásítọ̀ tí àyà wọ́n ń já ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti ọdún 20 wá, ìgbàgbọ́ wọn kò sì kéré.

Bàbá rẹ ni mo fẹ́ bá ní gbólóhùn kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní ìtìjú yẹ ọmọbìnrin. Ó yẹ ọmọkùnrin náà, sà. Ṣùgbọ́n itọ́ tó ń gbẹ lẹ́nu àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í ṣe ìtìjú, ìbẹ̀rù ni. Bí ẹ bá sì ń yìn ín fún un, inú ìbẹ̀rù lẹ ti ń tọ́ ọ.

* * *

“Bí wọ́n ṣe bí i ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.”

Èyí ni mo retí pé ẹnìkan yóò sọ, ó sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 2003, Carl Schwartz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àwọn àgbàlagbà 22 tí wọ́n ti ṣàkíyèsí láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún méjì. Àwọn tó jẹ́ ọmọ tó ń sá fún àlejò nígbà náà, bí wọ́n bá fi àwòrán ojú tí wọn kò rí rí hàn wọ́n nígbà tí wọ́n dàgbà, amygdala wọn ń ta gìrì ju ti àwọn yòókù lọ. Ọlọ́dẹ àwọn kan kì í sùn dáadáa láti kékeré.

Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ náà ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní Síwídìn, wọ́n gba àwọn tí ìbẹ̀rù àwùjọ ti di àìsàn sí lára, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ 9 tọ́jú wọn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí oògùn nínú ìtọ́jú náà: wọ́n ń kọ́ wọn láti yẹ èrò ọkàn ara wọn wò, àti láti máa lọ díẹ̀díẹ̀ síbi tí wọ́n ń sá fún. Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán ọpọlọ wọn, amygdala wọn ti kéré ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, ìtagìrì rẹ̀ náà sì ti rọlẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìbéèrè rẹ ni pé bóyá bí wọ́n ṣe mọ ọpọlọ rẹ ló fa ìbẹ̀rù. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ń lò ó náà ń mọ ọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o má kọ ìwé náà. Nígbàkígbà tí o bá gba ẹ̀yìn ilé wọ ọ́fíìsì, tí àyà rẹ sì rọlẹ̀, ọlọ́dẹ inú orí rẹ á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, “Mo sọ bẹ́ẹ̀, ewu wà ní ẹnu ọ̀nà iwájú, ọpẹ́lọpẹ́ mi.” Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á fọn fèrè kíkan ju ti ìṣáájú lọ. Bí o bá dúró síbẹ̀ títí ìbẹ̀rù fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ejò kankan kò sì bù ọ́ ṣán, òun náà á kọ ìyẹn sílẹ̀.

Àwọn kan ní kí o máa wo òkè orí àwọn ènìyàn. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tí kò rí ojú kankan á máa fi ojú inú ya ojú burúkú. Wá ọmọ kan láti kíláàsì rẹ, èyí tó fẹ́ràn rẹ, kí o sì ka gbólóhùn àkọ́kọ́ sí i. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, mí jáde díẹ̀díẹ̀, kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Ó máa ń dẹ ìlù ọkàn díẹ̀. Ka ìkéde náà sókè nílé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí orúkọ ọ̀gá rẹ ti mọ́ ọ lẹ́nu.

Bó bá sì ti lé ní oṣù mẹ́fà, tó ń dí ọ lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí oúnjẹ tàbí oorun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa níbí mọ́. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí o sì sọ pé dókítà ọpọlọ lo fẹ́ rí. Kò túmọ̀ sí pé orí rẹ dàrú.

* * *

Arábìnrin wa padà kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tó sọ rèé:

“Mo kà á ní ọjọ́ Ajé. Àyà mi já bíi ti tẹ́lẹ̀, kò dínkù rárá ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí owó ìdánwò, mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń mí dáadáa. Ìwé ọwọ́ mi ṣì gbọ̀n. Mo pe orúkọ ọ̀gá bó ṣe yẹ. Ní àkókò ìsinmi, mo fi ìgboyà bi àwọn olùkọ́ mẹ́rin bóyá wọ́n rí i pé ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Àwọn mẹ́ta ní rárá. Ọ̀kan tilẹ̀ bi mí pé ìwé wo. Ìkẹrin, tó dàgbà jù, ní òun rí i, pé ti òun náà máa ń gbọ̀n, pé ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń di tábìlì mú. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n tún fi orúkọ mi síbẹ̀.”

Bébà lásán lo ń dì mú, àbúrò mi, ìdí nìyẹn tí gbígbọ̀n rẹ̀ fi ń hàn. Lẹ ìkéde náà mọ́ inú rẹ́jísítà kíláàsì rẹ, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.